Aníkúlápó, Jagun Jagun, House of Ga'a, Lísàbí, Ẹlẹ́ṣin Ọba: Èwo Ni Kí Ẹ Wò Lálẹ́ Yìí?

Láti ọdún 2022 ni fíìmù Yorùbá tó dá lórí ayé àtijọ́ ti ń ya dé orí Netflix lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwòrán iwájú wọn jọra: adé, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, aṣọ òfì, idà, ojú tó le koko. Ẹni tó bá fi àwòrán yẹn yan èyí tó fẹ́ wò lè jókòó ti ohun tí kò wá, nítorí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀kan ń pa àlọ́, ọ̀kan ń ja ogun, méjì ń sọ ìtàn tó ti ṣẹlẹ̀ rí, ọ̀kan sì jẹ́ eré orí ìtàgé tí wọ́n gbé síwájú kámẹ́rà. Lójú tèmi, ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ jù lọ ni ẹnu: irú Yorùbá tí wọ́n ń sọ, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, ìgbà tí ìlù ń sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó kàn ń pariwo. Aṣọ ṣeé rà, ẹṣin ṣeé yá. Ẹnu tó gbọ́ Yorùbá dénú ni kò pọ̀ lọ́jà.

| Fíìmù | Ìgbà tó dé orí Netflix | Olùdarí | Ibi àti ìgbà ìtàn | Bó ṣe gùn tó |
|---|---|---|---|---|
| Aníkúlápó | Oṣù Kẹsàn-án 2022 | Kúnlé Afọláyan | Ọ̀yọ́ àtijọ́, àlọ́ ni | wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 22 |
| Ẹlẹ́ṣin Ọba | Oṣù Kọkànlá 2022 | Bíyì Bándélé | Ọ̀yọ́, ayé ìjọba òyìnbó | wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 36 |
| Jagun Jagun | Oṣù Kẹjọ 2023 | Adébáyọ̀ Tìjání àti Tọ́pẹ́ Adébáyọ̀ | ìlú inú àròsọ | ó lé ní wákàtí 2 |
| House of Ga'a | Oṣù Keje 2024 | Bọ́lánlé Austen-Peters | Ọ̀yọ́, ayé Baṣọ̀run Gáà | bí wákàtí 2 |
| Lísàbí | Oṣù Kẹsàn-án 2024 | Níyì Akínmọ́layàn | igbó Ẹ̀gbá, lẹ́yìn ayé Gáà | kò tó wákàtí 2 |

Ẹ ó rí i pé Ọ̀yọ́ kò jìnnà sí mẹ́rin nínú wọn. Jagun Jagun nìkan ló ya ọ̀nà tirẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ wo ju ẹyọ kan lọ, nítorí fíìmù kan lè la ojú wa sí èkejì, pàápàá House of Ga'a àti Lísàbí.

Aníkúlápó

Ahunṣọ kan tó ń jẹ́ Sàró wọ Ọ̀yọ́ láti wá oúnjẹ òòjọ́. Obìnrin amọ̀kòkò kan tó lówó lọ́wọ́ gbà á sílé. Kò pẹ́ tí ojú Sàró fi kúrò lára ẹni tó gbà á, ó sì lọ dá ọ̀rẹ́ ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú Arólákẹ́, olorì tó kéré jù láàfin. Àṣírí tú, wọ́n lù ú pa. Ẹyẹ àkàlà dé láti jí i, Arólákẹ́ lé ẹyẹ náà lọ, ó sì gba àdó tí agbára ajíǹde wà nínú rẹ̀. Ohun tí Sàró fi àdó yìí ṣe ni ìyókù fíìmù.

Èyí ni ìtàn rẹ̀ dúró dáadáa jù nínú márààrún. Kò sí ibi kankan tó bá Sàró tí kì í ṣe ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á. Ẹni tí àlọ́ bá mọ́ létí yóò mọ irú ọ̀nà tó ń tọ̀: oore, ìkìlọ̀, ìgbàgbé, ìparun. Bí wọ́n ṣe lo ẹyẹ náà tún dùn mọ́ mi. Àkàlà jẹ́ ẹyẹ tí àwọn àgbà máa ń dárúkọ pọ̀ mọ́ gúnnugún, tí ọ̀rọ̀ òkú àti ẹbọ kì í jìnnà sí. Kí ẹyẹ bẹ́ẹ̀ wá di ẹni tó ń gbé ẹ̀mí padà jẹ́ èrò tó ti inú èdè àti ìgbàgbọ́ wá.

Yorùbá inú rẹ̀ rọrùn láti gbọ́. Òwe wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò pọ̀ dé bi tí ẹni tí etí rẹ̀ kò mú yóò fi sọ̀rètí nù. Kúnlé Afọláyan kì í ṣe àlejò nínú irú iṣẹ́ yìí: ọmọ Adé Love, gbajúmọ̀ òṣèré àti olùdarí fíìmù ayé ìgbà kan, ni, òun náà ló sì ṣe Arẹ́sẹ̀jábàtà nínú Ṣaworoidẹ ti Túndé Kèlání, tó jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Bí ẹ bá ti wo Ṣaworoidẹ rí, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ibẹ̀ wúwo ju ti Aníkúlápó lọ. Afọláyan gbé tirẹ̀ rù ojú: ìmọ́lẹ̀, igbó, ògiri amọ̀, àwọ̀ aró. Nípa wíwò, kò sí èyí tó rẹwà tó o.

Ibi tó kù sí ni àárín. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé, tó ṣe amọ̀kòkò yẹn, mú ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ gbóná. Nígbà tí ìtàn bá fi í sílẹ̀, iná rẹ̀ lọọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má ṣe pa á síbẹ̀. Ó tún gbérí nígbà tí Sàró àti Arólákẹ́ bá dé ìlú kejì, Bímbọ́ Adémóyè sì ni ẹni tí ẹ gbọ́dọ̀ máa wò láti ibẹ̀ lọ, kì í ṣe Kúnlé Rẹ̀mí. Arólákẹ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ojú rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Ìkìlọ̀ méjì. Ìran ìbálòpọ̀ àti ìhòòhò wà nínú rẹ̀ ní kùtùkùtù, nítorí náà kì í ṣe èyí tí bàbá, ìyá àti ọmọ yóò jọ jókòó wò ní ọjọ́ Àìkú. Èkejì: eré onípele mẹ́fà kan wà tó tẹ̀ lé e, Aníkúlápó: Rise of the Spectre, tó jáde ní Oṣù Kẹta 2024. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kò ní mọ ìdí tí Sàró fi ń kó ẹ̀mí àwọn tó jí dìde padà. Fíìmù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Jagun Jagun

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ di jagunjagun lọ sí ọ̀dọ̀ Ogundìjì, olórí ogun tí gbogbo ìlú ń sá fún. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ẹ̀bùn kan: igi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ogundìjì rí ẹ̀bùn yìí, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Obìnrin kan tún wà tó ń wá ẹ̀san. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ló ṣe Ogundìjì, òun náà ló gbé iṣẹ́ náà jáde. Lateef Adédìméjì ló ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

Ohun tó yẹ kí ẹ torí rẹ̀ wo fíìmù yìí ni ọfọ̀. Kí ẹ lè gbádùn rẹ̀, ẹ mọ bí ọfọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọfọ̀ gidi máa ń kọ́kọ́ pe nǹkan ní orúkọ, yóò wá sọ òfin tí nǹkan náà kì í rú, lẹ́yìn náà ni yóò fi òfin yẹn de ọ̀tá. "Iná kì í jó kó wọlé odò": òfin nìyẹn. Ẹni tó bá sọ ọ́ tán ti sọ ara rẹ̀ di odò, ó ti sọ ọ̀tá di iná. Bí òṣèré bá ń sáré ka ọfọ̀ bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà, tí kò dúró níbi tí òfin bá parí, ariwo lásán ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú Jagun Jagun ti dàgbà sínú eré Yorùbá, wọ́n mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti mí. Ẹ fetí sí èyí, kì í ṣe iná tí kọ̀ǹpútà fi kún un. Iná kọ̀ǹpútà yẹn ni apá tó rẹlẹ̀ jù. Níbi kan ojú yóò mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù.

Ìṣòro rẹ̀ kejì ni pé àdánwò pọ̀ jù. Ogundìjì dán ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò, ó yege, ó tún dán an wò, ó tún yege. Ìgbà tó bá fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ ti mọ bí yóò ṣe parí. Ìfẹ́ tí wọ́n fi sáàárín rẹ̀ kò ní gbòǹgbò tó ìjà. Àwọn gbajúmọ̀ òṣèré tún ń wọlé, wọ́n ń jáde, débi pé èèyàn á máa pe orúkọ òṣèré dípò kó máa tẹ̀ lé ẹni tí wọ́n ń ṣe.

Síbẹ̀, bí àwọn ọ̀dọ́ bá pọ̀ nínú ilé, tí tẹlifíṣọ̀n sì fẹ̀, èyí ni kí ẹ tàn. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, orí ń bọ́. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀.

Àwọn ènìyàn máa ń fi í wé Agẹṣinkólé, èyí tí òyìnbó mọ̀ sí King of Thieves, tó jáde ní sinimá ní Oṣù Kẹrin 2022 tó sì wà lórí Prime Video. Fẹ́mi Adébáyọ̀ kan náà ni, àwọn olùdarí kan náà ni. Agẹṣinkólé kéré ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ṣe ṣókí ju ti Jagun Jagun lọ: olè kan há ìlú mọ́lẹ̀, ìlú ń wá bí wọn yóò ṣe bọ́. Ẹni tí Prime Video bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní Netflix kò pàdánù púpọ̀.

House of Ga'a

"Bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sòótọ́." Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu Yorùbá tipẹ́ kí kámẹ́rà tó dé. Baṣọ̀run Gáà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó di agbára Ọ̀yọ́ mú láti 1754 títí di 1774, tó ń fi ọba jẹ, tó sì ń mú ọba kú.

Fíìmù yìí máa ń dojú rú mọ́ àwọn tí kò mọ ètò Ọ̀yọ́ lójú, nítorí náà ẹ gbé èyí sọ́kàn kí ẹ tó tàn án. Aláàfin kì í dá ṣe ìjọba. Ìgbìmọ̀ Ọ̀yọ́mèsì wà, ìjòyè méje ni wọ́n: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Sàmù, Alápinni, Lágùnnà, Akínikú àti Aṣípa. Baṣọ̀run ni olórí wọn. Bí ìwà ọba bá burú, àwọn ló ní àṣẹ láti kọ̀ ọ́. Ọba tí wọ́n bá kọ̀ kì í rọ̀ lórí oyè, kíkú ló máa ń kú. Ìdábòbò ìlú ni òfin yìí wà fún. Gáà ló sọ ọ́ di idà ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ọba odindi kò fi kàn pàṣẹ kí wọ́n pa á.

Èkejì, ẹ mọ orúkọ àwọn Aláàfin tí ìtàn kà sí ọwọ́ rẹ̀: Lábísí, Awónbíojú, Agbólúajé, Májẹ̀ógbé. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò lò tó oṣù mẹ́fà lórí ìtẹ́. Abíọ́dún ló wá ṣe sùúrù, tó ń tẹrí ba fún Gáà títí ọwọ́ rẹ̀ fi tẹ ìrànlọ́wọ́ Ọyábì, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Àjàṣẹ́. Ogún ọdún nìyẹn, fíìmù sì fún un ní nǹkan bí wákàtí méjì. Ibẹ̀ ni àbùkù rẹ̀ ti wá. Ọba kan ń gorí oyè, kí ẹ tó mọ ojú rẹ̀, wọ́n ti sin ín. Irun Gáà kò funfun tó bí ọdún ṣe ń lọ.

Ṣùgbọ́n Fẹ́mi Branch! Ó gbé Gáà bí ẹni tó gbà pé òun ń tún ìlú ṣe. Ìkà tó mọ̀ pé ìkà ni òun kì í bani lẹ́rù tó ìkà tó rò pé òun tọ̀nà. Ẹ wo bí ohùn rẹ̀ kì í ṣe lọ sókè nígbà tó bá fẹ́ ṣe ohun tó burú jù. Ẹ wo ibi ọ̀rọ̀ Àgbọ̀nyín, ọmọ Abíọ́dún. Ẹran àgbọ̀nyín ni wọ́n ní kó fi ṣe ètùtù; ohun tí Gáà fi rọ́pò rẹ̀ ni ìtàn kò dárí jì í títí dòní.

Àwọn tó ka eré Baṣọ̀run Gáà tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ní 1972, pàápàá àwọn tó kà á nílé ìwé, ẹ mú ìrètí yín wálẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ Fálétí máa ń yí lọ bí ìlù, ó kún fún oríkì àti àpèjúwe. Ọ̀rọ̀ fíìmù yìí fúyẹ́ jù ú lọ, àwọn gbólóhùn kan sì dún bí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rò ní Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe House of Ga'a nìkan ló ní àrùn yìí. Bí ẹ bá gbọ́ tí ìjòyè ayé àtijọ́ ní "ẹ ṣeun fún àkókò yín", ẹ mọ̀ pé ọ́fíìsì ni gbólóhùn náà ti wá. Ará Ọ̀yọ́ àtijọ́ á ní "ẹ kú ìkàlẹ̀", á ní "ẹ kú ìjókòó", á ní "a dúpẹ́ oore ẹsẹ̀".

Lísàbí

Bí ẹ bá ti wo Gáà tán, Lísàbí ni kó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí Gáà ti kú tí Abíọ́dún ti gba agbára rẹ̀, Ọ̀yọ́ ṣì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Ẹ̀gbá, àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ ọba, sì ń gbé láàrin wọn bí olúwa. Láàrin 1775 sí 1780 ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ìdìde Lísàbí sí. Nínú House of Ga'a, ẹ jókòó sínú ààfin. Nínú Lísàbí, ẹ wà lóko, ẹ̀ ń wo ọwọ́ tí ààfin yẹn nà wá gba iṣu yín.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò jù, nítorí ọgbọ́n tó wà nínú ìtàn náà. Lísàbí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú idà. Àáró ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò mọ ìyàtọ̀ àáró àti ọ̀wẹ̀ mọ́, fíìmù náà kò sì dúró ṣàlàyé. Ọ̀wẹ̀ ni pé kí ẹnì kan pe àwọn ènìyàn fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, kó se oúnjẹ, kó wá ẹmu, ó parí. Àáró yàtọ̀: ẹgbẹ́ ni. Bí a bá jẹ́ mẹ́wàá, a ó lọ sí oko mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní títẹ̀léra, ọjọ́ tó bá kan olúkúlùkù ni iṣẹ́ yóò wáyé lóko rẹ̀. Gbèsè ni, ẹni tí kò bá san tirẹ̀ ti ba orúkọ jẹ́. Ìyẹn ni pé àáró ti kọ́ àwọn ènìyàn láti kóra jọ ní ọjọ́ kan pàtó, pẹ̀lú irinṣẹ́ lọ́wọ́, láti gbọ́ràn sí olórí kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ọkọ́ àti àdá wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí Lísàbí ní kí olúkúlùkù ìlú dojú kọ ìlàrí tirẹ̀, ètò náà ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ti ní òye yìí kó tó wo fíìmù náà yóò rí ohun tí àwọn ìran oko ń ṣe. Ẹni tí kò bá ní in yóò rò pé wọ́n ń fi àsìkò ṣòfò.

Lateef Adédìméjì tún ni aṣáájú níbí, ó sì dára ju bó ṣe wà nínú Jagun Jagun lọ, nítorí pé wọ́n gbà á láàyè láti jẹ́ àgbẹ̀ kó tó di akọni. Ìjà rẹ̀ kò tó ti Jagun Jagun. Yorùbá àjùmọ̀lò ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń retí pé ohùn Ẹ̀gbá yóò máa dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò sọ pé ó kù díẹ̀ káàtó, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó dunni, torí pé ohùn Ọ̀yọ́ tí ń pàṣẹ àti ohùn Ẹ̀gbá tí ń dáhùn ìbá ti sọ ìdajì ìtàn náà láìsí àlàyé kankan.

Ẹ mọ̀ pé apá kìíní ni. Èkejì, Lísàbí: A Legend Is Born, jáde ní Oṣù Kìíní 2025. Bí fíìmù tí kò parí bá máa ń bí yín nínú, ẹ dúró de òru tí àyè yóò gba méjèèjì.

Ẹlẹ́ṣin Ọba

Aláàfin wàjà. Ẹlẹ́ṣin rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e kí òṣùpá tó wọ̀, kí ọ̀nà lè mọ́ fún ọba. Ọ̀gá òyìnbó tó ń ṣàkóso àdúgbò gbọ́, ó ní òun kò ní gbà. Ọlúndé, ọmọ Ẹlẹ́ṣin tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, padà wálé láti wá sin bàbá rẹ̀. Inú eré tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975 ni ìtàn náà ti wá, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lóòótọ́ ní ẹ̀wádún 1940 ló wà nídìí rẹ̀. Dúró Ládípọ̀ ti fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ṣe Ọba Wàjà ṣáájú. Bíyì Bándélé, tó darí fíìmù yìí, di olóògbé ní Oṣù Kẹjọ 2022, ní oṣù tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Toronto.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn wò ó bí ìjà aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nípa èyí nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà. Òyìnbó wá, ó dí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ẹlẹ́ṣin ti wúwo nílẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ẹ wo bó ṣe ń béèrè aṣọ, tó ń béèrè ìyàwó, ní òru tó yẹ kó máa tú ara rẹ̀ kúrò láyé. Ìyálọ́jà, tí Shaffy Bello ṣe, rí i ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ẹ máa wo ojú Ìyálọ́jà.

Ẹni tó bá mọ Ọdúnladé Adékọ́lá fún ẹ̀fẹ̀ yóò nílò ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó gbàgbé àwọn àwòrán rẹ̀ tó kún orí WhatsApp. Lẹ́yìn náà, ó di Ẹlẹ́ṣin. Brymo ló ṣe Ọlọ́hùn-iyọ̀, akéwì tó ń ki Ẹlẹ́ṣin. Orin ni iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ṣe ohun tí òṣèré lásán kò lè ṣe. Yorùbá inú rẹ̀ ló jinlẹ̀ jù nínú márààrún, nítorí ọ̀rọ̀ tó ti jẹ́ ewì láti orísun ni. Àléébù rẹ̀ náà nìyẹn: ó ṣì ń rùn eré ìtàgé. Àwọn ènìyàn dúró, wọ́n ń sọ̀rọ̀ gígùn. Àwọn ìran ilé òyìnbó, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe, kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ti inú ọjà.

Ọ̀rọ̀ pípa ara ẹni wà ní àárín ìtàn yìí. Bí ilé kan bá wà nínú ọ̀fọ̀ tuntun, ẹ jẹ́ kó dúró di ìgbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí á fi méjì wé méjì

Aníkúlápó àti Jagun Jagun: bí ìtàn bá ṣe pàtàkì sí yín ju ìjà lọ, Aníkúlápó. Bí ilé bá kún, tí àwọn ènìyàn ń wọlé, ń jáde, ń gba oúnjẹ, Jagun Jagun ló dára jù. Ẹni tó bá pàdánù ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣì lè bá a lọ.

House of Ga'a àti Ẹlẹ́ṣin Ọba: méjèèjì ń bi wá pé kí ni oyè wà fún. Gáà yá kánkán, Ẹlẹ́ṣin jinlẹ̀. Bí iṣẹ́ ti mú yín láti àárọ̀ tí oorun sì wà lójú, ẹ má fọwọ́ kan Ẹlẹ́ṣin.

Fún bàbá tàbí ìyá àgbà tó wà lọ́dọ̀ ọmọ ní London tàbí Houston, tí kò rí ẹni bá sọ Yorùbá láti òwúrọ̀, Ẹlẹ́ṣin Ọba ni màá kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, nítorí orin àti oríkì inú rẹ̀. Fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kò lè fèsì, Lísàbí ni, pẹ̀lú àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò ṣàlàyé àáró. Fún ọmọ kékeré, kò sí ìkankan nínú márààrún.

Ohùn, ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ àti dátà

Bí fíìmù bá bẹ̀rẹ̀ tí ohùn Gẹ̀ẹ́sì ń jáde lẹ́nu àwọn ará Ọ̀yọ́, ẹ fọwọ́ kan ojú fóònù, ẹ tẹ Audio & Subtitles, ẹ yan Yoruba ní apá ohùn. Netflix máa ń tẹ̀ lé èdè tí ẹ ti yàn tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn.

Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń hàn nísàlẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n ó máa ń ja oríkì lólè. Ìlà mẹ́rin oríkì lè di "Ọba ńlá" ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá díẹ̀, kó pa ìtumọ̀ náà fún ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ojú tí kò kàwé á lọ bá etí. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìdajì lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀; bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà.

Sípíkà fóònù kì í gbé ohùn ìyá ìlù dáadáa, ó máa ń gé apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò. Nínú Ẹlẹ́ṣin Ọba èyí jẹ́ àdánù gidi. Íápíìsì olówó pọ́ọ́kú pàápàá sàn jù ú lọ.

Ní ti dátà, Netflix fúnra wọn sọ pé wákàtí kan lè jẹ tó 0.3 GB ní ìpele tó kéré jù, 0.7 GB ní ìpele àárín, àti 3 GB bí àwòrán bá mọ́ kedere ní HD. Nípa bẹ́ẹ̀, Aníkúlápó lè jẹ 0.7 GB, 1.7 GB tàbí 7 GB. Ẹlẹ́ṣin Ọba, tó kúrú jù, yóò jẹ 0.5 GB, 1.1 GB tàbí 4.8 GB. Bí dátà bá ń jò lójijì, ibi tó ti máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé áàpù wà ní Maximum Data. Ẹ lọ sí App Settings, ẹ tẹ Cellular Data Usage, ẹ yan Save Data. Ó tún sàn kí ẹ fà á sílẹ̀ sórí fóònù níbi tí Wi-Fi bá wà, ní Standard, kì í ṣe Higher. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó tí ẹ kò bá ní ráyè parí rẹ̀: àwọn fíìmù kan tí a fà sílẹ̀ máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní wákàtí 48 lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ wọ́n.

Ìran òru pọ̀ nínú Jagun Jagun àti Lísàbí. Ní ìpele dátà tó kéré, òkùnkùn máa ń di dúdú kan ṣoṣo tí ó ń já wẹ́wẹ́, ẹ kò sì ní mọ ẹni tó ń gún ẹni. Fún àwọn méjì yìí, ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ fóònù sókè, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ sì lo ìpele àárín. Aníkúlápó ṣeé wò ní ìpele ìsàlẹ̀ láìsí wàhálà púpọ̀, nítorí pé ojúmọmọ ni púpọ̀ nínú rẹ̀.